Ajá Tó Ń Sùn Nínú Aṣọ Oníbàárà

Ọmọ mi, kọ́kọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tó bá máa kà á má bínú sí mi. Orí mi ò mú nǹkan dání mọ́. Àárọ̀ yìí mo jẹun tán, mo tún ń bi ìyá rẹ pé oúnjẹ dà. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ ìgbà òjò ṣáájú ti ọyẹ́, kí wọ́n bá mi tò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ajá yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mi ò fẹ́ràn ajá nígbà náà, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní, ohun téèyàn bá sì kórìíra, kì í tètè gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò jẹ́ kí wọ́n mú ajá wọlé yìí. Ó dáa. Máa kọ ọ́.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mo ṣe, ìyẹn o mọ̀. Nígbà tí mò ń sọ yìí, òyìnbó ló ṣì ń jọba lé wa lórí, wọn ò tíì kọ́ ọsibítù ńlá sí Ìdí-Àràbà, igbó ló kún ibẹ̀. Ẹ̀yìn Yaba ni mò ń gbé, lọ́nà tó já sí Ìdí-Òro. Ìyá àgbàlagbà kan ló ni ilé náà, Ìyá Onílé là ń pè wọ́n. Wọ́n fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn, wọ́n sì ní kí n máa lọ aṣọ ní fàráńdà iwájú. Fàráńdà yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní láyé. Ẹni tó ń ti Mushin bọ̀ á rí mi, ẹni tó ń ti Yaba lọ á rí mi. Alágbàfọ̀ tó bá wà ní kọ̀rọ̀, ebi ni yóò pa á. Bí wọ́n bá gba fàráńdà yẹn lọ́wọ́ mi, abúlé ni mò ń padà sí, mo sì ti búra pé mi ò ní padà.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti wá. Ní ìdájí mo máa fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Mo máa po sítáàṣì, mo máa ju búlúù díẹ̀ sínú omi tí mo fi ń ṣan funfun. Tó bá gbẹ tán, mo máa gbé e wá síwájú, mo máa wọ́n omi sí i, mo máa fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́. Tí mo bá wá ká a tán, mi ò ní jẹ́ kó tutù ní gbangba. Mo ní àpótí pákó ńlá kan tí ò lọ́mọrí. Inú rẹ̀ ni mò ń tò ó sí, màá sì fi kúbùsù bò ó. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi bẹ́ẹ̀ kọ́ mi. Ooru áyọ́ọ̀nù á há sínú aṣọ, ojú ìlà rẹ̀ á le. Bí èèyàn bá fi pákó dé e, ooru yẹn á di omi, aṣọ á máa rùn. Kúbùsù ló bá a mu. Agbádá tó bá ti inú àpótí mi jáde, wàá wọ̀ ọ́ lọ sí Jímọ́ọ̀, wàá forí kanlẹ̀, wàá dìde, ìlà rẹ̀ á ṣì dúró.

Ìdí nìyẹn tí àwọn Mùsùlùmí Mushin, àwọn aláṣọ àti àwọn télọ̀, ṣe ń fi alágbàfọ̀ àdúgbò wọn sílẹ̀ wá bá mi. Ọṣẹ, ta ni ò ní ọṣẹ? Wọ́n mọ̀ pé mò ń kírun, wọ́n mọ̀ pé aṣọ tó bá gba ọwọ́ mi kọjá, wọ́n lè fi kírun láìbèèrè nǹkan kan. Ìmọ́tótó yẹn ni mò ń tà.

Akọ̀wé kan àti ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé yàrá méjì tó wà níwájú, tí ilẹ̀kùn wọn ṣí sí fàráńdà mi. Ọ́fíìsì ìjọba lọkọ ń lọ, ọjà nìyàwó ń lọ. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n. Mi ò bá ìjọ wọn jà. Akọ̀wé yẹn gan-an ni mi ò fẹ́ rí. Bí mo bá kí i láàárọ̀, á mi orí bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń kọjá níwájú tábìlì mi lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ mìíràn ní Costain lọ́hùn-ún. Ó ń gbé e há abíyá, ó ń jẹ́ kí n rí i.

Ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó ló ń padà sílùú wọn tó fún un ní ajá. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ara rẹ̀ gùn bíi bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ju ti àpótí ìdáná lọ, ó pọ́n, etí rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti ń bí irú rẹ̀. Akọ̀wé mú un dúró lójú títì, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ajá òyìnbó kì í sùn, pé olè ò ní lè yọjú sílé wa mọ́. Ọmọ ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Mushin wò ó títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé lọ́rì ló gun ajá yín ni, àbí bí wọ́n ṣe bí i nìyí?” Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni Akọ̀wé ti dì mí sínú.

Ajá tí kì í sùn. Ọmọ mi, mi ò tíì rí ẹ̀dá Ọlọ́run tó ń sùn tó ajá yẹn. Akọ̀wé tẹ́ ẹní fún un lórí sìmẹ́ńtì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, níbi tí ọlọ́dẹ máa ń jókòó sí, pé kó máa ṣọ́lé. Tí tọkọtaya bá ti jáde, tí wọ́n sì ti tilẹ̀kùn, ajá á pòyì lórí ẹní yẹn, á fi èékánná ha á bí ẹni ń gbẹ́lẹ̀, á dùbúlẹ̀, á tún dìde. Lẹ́yìn náà mi ò ní rí i mọ́. Mo rò pé ó ń lọ jẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, mo padà dé, mo na ọwọ́ sínú àpótí kí n mú agbádá. Ọwọ́ mi ba nǹkan tó gbóná. Nǹkan náà sì ń mí. Mo fò sẹ́yìn. Mo ṣí kúbùsù, kò sí nǹkan. Mo ká agbádá òkè kúrò, kò sí nǹkan. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ gbogbo aṣọ, ajá ti ká jọ bí ìgbín, ó ti imú bọ abẹ́ ìrù, ó ń hanrun. Àní, ó ń hanrun. Mo pariwo mọ́ ọn. Ó la ojú kan, ó yán, ó tún padà sùn. Ìgbà tí mo fi ìgbálẹ̀ gún un ló tó jáde.

Mo lọ bá àáfà. Wọ́n ní ibi tí itọ́ ajá bá kàn, kí n fọ̀ ọ́, kí n tún un fọ̀, títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀meje, kí n sì fi erùpẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú rẹ̀. Wo iṣẹ́ mi o. Èmi tí wọ́n ń gbé funfun wá fún kí n yọ ilẹ̀ kúrò lára rẹ̀, èmi náà ló wá jókòó lẹ́yìnkùlé, tí mò ń bu erùpẹ̀ fi ra agbádá funfun. Ìyàwó oníkòkò tó wà nílé ẹ̀gbẹ́ wa ń kọjá, ó bi mí ṣé mò ń sinwín ni. Mo tún bu erùpẹ̀ sí i. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Mo dúró de Akọ̀wé kó ti ọ́fíìsì dé. Mo fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa so ajá yín mọ́lẹ̀.” Ó ní wọn kì í so irú ajá yẹn. Ó ní orí ẹní ni ajá òun máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bóyá eku ni mo rí. Mo ní ẹ̀gbin ni lára aṣọ àwa tí à ń kírun. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá ní ajá ò mọ Mùsùlùmí, ajá ò mọ ọmọ ìjọ, ajá ni. Ó wọlé lọ. Mo ní lọ́kàn mi pé ọ̀gbẹ́ni yìí ló ń rán ajá sí mi.

Mo wá tún àpótí mi ṣe. Mo fi kúbùsù kejì lé ti àkọ́kọ́, mo tẹ etí rẹ̀ bọ abẹ́ aṣọ yí ká, kò sí ibi tí èèrà lè gbà wọlé. Ó burú sí i. Ajá yẹn á fi iwájú orí gbé etí kúbùsù, ara rẹ̀ gígùn á yọ̀ wọlé bí ejò. Tẹ́lẹ̀ ó ń jí tí mo bá pariwo, ní báyìí kò gbọ́ ariwo mọ́. Mo jù ú ní bàtà. Mo nà án ní pàṣán. Mo da ata sí ẹnu àpótí, èmi ni mo sín títí di ìrọ̀lẹ́. Àárọ̀ ni mo máa ń wà lẹ́yìnkùlé tí mò ń fọṣọ, ọ̀sán ni mo ń gbé aṣọ kiri, mi ò lè jókòó ti àpótí bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá sì dé, mo máa fọwọ́ kan ooru yẹn. Kò sí ohun tí mo kórìíra tó o.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jí àkùkọ Akọ̀wé. Àkùkọ ńlá tó ń sìn de Kérésì, ọ̀sán gangan ni wọ́n gbé e lọ lẹ́yìnkùlé, nígbà tí ajá tí kì í sùn ń hanrun nínú agbádá. Akọ̀wé dé, ó rí okùn lásán. Ó bọ́ sí fàráńdà, ó ní, “Kí lo fún ajá mi jẹ?”

Mo ní kí ni mo fẹ́ fún un jẹ.

Ó ní ajá òyìnbó ò lè máa sùn lọ́sàn-án báyìí bí kò bá sí ọwọ́ ẹnì kan nínú rẹ̀. Ó gbé ìkòkò sítáàṣì mi, ó ń gbóòórùn rẹ̀. Ó ní oògùn ni mo pò sínú rẹ̀ tí ajá ń lá, pé èmi àti olè la jọ mọ̀ ọ́n, pé òun á pe ọlọ́pàá. Mo gba ìkòkò mi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ ohun kan fún un nípa bàbá rẹ̀. Má kọ ìyẹn.

Ariwo wa ló jí Ìyá Onílé. Ìyá yìí, ìdájí ni wọ́n ń lọ sọ́jà, tí wọ́n bá dé lọ́sàn-án wọ́n máa ń sùn, gbogbo ilé ló sì mọ̀ pé èèyàn kì í húkọ́ nígbà náà. Wọ́n jáde, wọ́n ń so ìró wọn. Wọn ò bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n ní, “Ẹ gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹni tí ariwo bá tún ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá lọ́sàn-án, kó di ẹrù rẹ̀. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.”

Mo mọ̀ pé èmi ni yóò lọ. Yàrá iwájú méjì ni Akọ̀wé gbà, èmi gba ìhò kan lẹ́yìn. Ta ni ìwọ náà máa lé?

Iléyá sì ti ń súnmọ́lé. Àlàájì kan wà ní Mushin, aláṣọ ni wọ́n, àgbà sì ni wọ́n ní mọ́ṣáláṣí wọn. Ibi tí wọ́n bá gbé aṣọ lọ, gbogbo ìjọ wọn ń tẹ̀ lé wọn. Agbádá tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí Yídì wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ wọn ni wọ́n máa ń rán, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn àwọn fúnra wọn ló wá. Mo kí wọn, mo gbé àga fún wọn, mo ṣí kúbùsù kí n gbé agbádá fún wọn. Kì í ṣe ìsàlẹ̀ ni ajá wà lọ́jọ́ yẹn. Òkè ló wà. Ó ti wọ inú ọwọ́ agbádá, ó dojú ikùn sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè, ẹnu rẹ̀ là, itọ́ ń kán.

Àlàájì ò pariwo. Wọ́n ní, “Ṣé òní ló bẹ̀rẹ̀?”

Èèyàn kì í purọ́ fún irú wọn. Mo ní kì í ṣe òní.

Mo wá ní, “Màá tún un fọ̀, Àlàájì. Bí àáfà ṣe ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ ni màá ṣe fọ̀ ọ́.”

Wọ́n dìde kúrò lórí àga. Wọ́n ní, “Fi sílẹ̀ fún un. Ó ti wọ̀ ọ́ tán. Ó tiẹ̀ bá gígùn rẹ̀ mu.” Wọ́n gba ọ̀nà Ìdí-Òro lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, bí ìjọ Àlàájì ṣe kírun tán, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá kó aṣọ wọn. Ẹnì kan gba aṣọ rẹ̀ ní tútù, ó ká a sínú garawa. Òmíràn ò tiẹ̀ wọ fàráńdà, ojú ọ̀nà ló dúró sí, ó ní kí n gbé e wá bá òun. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, agbádá Àlàájì àti ṣẹ́ẹ̀tì díẹ̀ ló kù nínú àpótí mi. Mo mú igi. Mo jókòó, mò ń retí ajá.

Ìyàwó Akọ̀wé ló jáde sí mi. Èmi àti obìnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀ kọjá ẹ káàárọ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn mi, ó jọ pé ọ̀rọ̀ ajá náà ti sú u. Ó wo igi ọwọ́ mi, ó ní, “Ẹ gbé igi yẹn kalẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un.”

Mo ní kí ni ìyẹn túmọ̀ sí.

Ó ní àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ mú ajá náà nílé òyìnbó, abẹ́ aṣọ ìbora òyìnbó ni wọ́n ti fà á jáde, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nídìí ẹsẹ̀. Òyìnbó ti sọ fún wọn pé iṣẹ́ irú ajá yẹn nílùú wọn ni kó máa wọ ihò inú ilẹ̀ lọ lé ẹran jáde, torí náà ibi tó bá ṣókùnkùn, tó há, tó sì gbóná ni ilé rẹ̀. Kì í sùn níbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wà ní gbangba. Ó ní bó ṣe ń sùn látàárọ̀ yẹn, bí gbogbo wọn ṣe ń sùn nìyẹn, kò sẹ́ni tó fún un ní nǹkan kan jẹ. Òun ti sọ fún ọkọ òun, ọkọ òun ní àkẹ́bàjẹ́ ni, pé ajá tó ń ṣọ́lé lòun fẹ́.

Ó ní, “Ajá tó ń ṣọ́lé ló fẹ́, ajá tó ń wọ ihò ni wọ́n fún un. Ẹ̀yin náà, bẹ́ẹ bá ṣe ń bò ó tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dùn mọ́ ọn tó.” Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Inú bí mi. Mo jókòó níbẹ̀, mò ń ka gbogbo kúbùsù tí mo kó lé orí rẹ̀, bí mo ṣe tẹ etí wọn bọ abẹ́ aṣọ yí ká. Ihò ni mo gbẹ́ fún un. Ọ̀gá mi ò sọ fún mi pé irú ẹran bẹ́ẹ̀ wà láyé.

Lọ́jọ́ kejì mo dojú àpótí dé. Mo kó kúbùsù lọ sá sóòrùn. Àwọn aṣọ tó kù, ṣẹ́ẹ̀tì àwọn tíṣà díẹ̀, mo fi wọ́n kọ́ sórí okùn ní gbangba. Ìlà wọn ò le bíi ti tẹ́lẹ̀, ó dùn mí, mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ajá dé lásìkò tó máa ń dé. Ó gbóòórùn àpótí yí po. Ó wo òkè, ó rí aṣọ tó ń fì. Kò tiẹ̀ bìkítà fún wọn. Ó lọ sórí ẹní, ó pòyì, ó ha sìmẹ́ńtì, ó dìde. Lẹ́yìn náà ó lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn Akọ̀wé tí wọ́n ti tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kì í gbó. Ó ń ké tín-ín-rín bí ọmọ tuntun, kò sì dákẹ́ títí Akọ̀wé fi dé.

Lọ́sàn-án gangan.

Ìyá Onílé fara da á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, wọ́n jáde síta, ojú wọn ti pọ́n. Ajá tó bá ń hu bẹ́ẹ̀ níwájú ilé arúgbó, ìwọ náà mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ. Wọ́n jókòó lórí àga mi, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n ń retí Akọ̀wé. Bó ṣe ń sọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n ní, “Akọ̀wé, ta ni ajá rẹ ń pè? Ṣé èmi ni?”

Ó na ìka sí mi. Ó ní alágbàfọ̀ ni, pé mo ti tún yí oògùn padà, pé oògùn oorun ni ti tẹ́lẹ̀, oògùn àìsùn ni ti báyìí.

Ìyá Onílé ní, “Níwájú ilẹ̀kùn ta ló ti ń ké?”

Akọ̀wé wo ilẹ̀kùn ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kó jẹ́ kí àwọn máa fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un, kó jẹ́ kó máa wọ abẹ́ aṣọ ìbora, ariwo á tán. Níwájú gbogbo wa, Akọ̀wé ní láéláé, ajá kan ò ní wọ abẹ́ aṣọ òun. Mo wò ó. Abẹ́ aṣọ tirẹ̀ ò ṣeé wọ̀, abẹ́ tiwa ló ṣeé wọ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́, mo gbé e mì. Fàráńdà ni mò ń rò.

Ìyá Onílé dìde. Wọ́n ní ohun tí àwọn sọ lọ́jọ́sí làwọn ṣì ń sọ, kí Akọ̀wé di ẹrù rẹ̀.

Nígbà tí oṣù parí, tọkọtaya náà kó lọ sí àwọn ilé tuntun tí ìjọba ń kọ́ sí Sùúrùlérè. Mi ò bá wọn gbé nǹkan kan. Mò ń lọ aṣọ, mi ò sì gbójú sókè. Obìnrin yẹn ló jáde gbẹ̀yìn, ó fi ìró wé ajá mọ́ àyà, ìrù rẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí. Ó ti sùn. Akọ̀wé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì, ó ní, “Inú rẹ dùn báyìí.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó dùn.”

Mo tún àpótí mi ṣí, mo dá kúbùsù padà. Mo fọ agbádá Àlàájì bí àáfà ṣe ní kí n fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo fẹsẹ̀ ara mi gbé e lọ sí Mushin. Wọ́n gbà á, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n bèèrè àwọn ará ilé. Nígbà tí mo tún rí agbádá yẹn, ọkùnrin tó ń ru ẹrù ní ṣọ́ọ̀bù wọn ló wọ̀ ọ́. Kò sí ẹnì kan nínú ìjọ wọn tó tún gbé aṣọ wá fún mi. Fàráńdà wà lọ́wọ́ mi, àwọn tí mo torí wọn fẹ́ fàráńdà ò wá mọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì àwọn tíṣà Yaba ni mo fi tọ́ bàbá rẹ, ṣẹ́ẹ̀tì ò sì gba kúbùsù.

Ó tó. Má fi ọ̀rọ̀ rere kankan kún un fún ajá yẹn, má sì fi kún un fún Akọ̀wé. Sún mọ́ mi, etí òsì yìí ló ṣì ń gbọ́. Ka gbogbo rẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, kà á sókè, kí n mọ̀ bóyá ohun tí mo sọ lo kọ.